Akọ Àfòpiná Tó Gbóòórùn Tí Kò Dáhùn

Abo tú òórùn, akọ gbọ́ ọ, akọ fò tọ̀ ọ́ lọ. Bí ọ̀pọ̀ nínú wa ṣe mọ ọ̀rọ̀ gígùn kòkòrò nìyẹn, kò sì sẹ́ni tó ń bi í léèrè mọ́. Ìwé bàọ́lọ́jì ilé-ẹ̀kọ́ gíráámà kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, fíìmù ẹranko orí tẹlifíṣọ̀n ń fi hàn bẹ́ẹ̀. Àwọn kan tó ń ta lọ́fínńdà lórí íntánẹ́ẹ̀tì náà ti rí i sọ di ọjà: wọ́n ní pheromone, irú òórùn tí kòkòrò fi ń pe ara wọn, wà nínú ìgò àwọn, pé bí ọkùnrin bá fi para, obìnrin kò ní lè sá fún un, gẹ́gẹ́ bí akọ kòkòrò kò ti lè sá fún òórùn abo. Ti lọ́fínńdà kò gba àkókò púpọ̀ lọ́wọ́ wa. Títí di òní, kò sí òórùn kan tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ti fi ẹ̀rí tó dájú hàn pé ó ń darí ìbálòpọ̀ ọmọ ènìyàn lọ́nà bẹ́ẹ̀. Ìdajì kejì ọ̀rọ̀ wọn ni mo fẹ́ bá jà, ìdajì tí gbogbo ènìyàn gbà láìjiyàn: pé akọ kòkòrò kò lè sá fún òórùn abo. Ó lè sá fún un dáadáa. Ọ̀pọ̀ akọ ló ń gbọ́ òórùn náà ketekete tí wọn kò sì ní mira, ohun tó sì mú kí ó rí bẹ́ẹ̀ wà nínú ọpọlọ wọn, ó sì ń yí padà bí ọjọ́ orí wọn ṣe ń lọ sókè.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti yàrá ìwádìí ilẹ̀ òkèèrè nìkan. Láti Ìyànà-Ìbà dé agbègbè Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó (LASU), títí wọ Ọ̀jọ́ àti Okokomaiko, ilé ti gba ọ̀pọ̀ ilẹ̀ tí àwọn Àwórì fi ń dáko nígbà kan. Síbẹ̀, ẹni tó bá fi ẹsẹ̀ rìn ibẹ̀ láàárọ̀ yóò ṣì rí ebè ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀, ewédú àti ṣọkọ létí títì, yóò sì rí àgbàdo lórí ilẹ̀ tí onílẹ̀ kò tíì rí owó kọ́. Níbi tí àgbàdo bá wà, àfòpiná wà níbẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 2016 ni wọ́n kọ́kọ́ rí kòkòrò ajẹgbàdo ilẹ̀ Amẹ́ríkà, Spodoptera frugiperda, nínú oko àgbàdo ilé-iṣẹ́ ìwádìí IITA ní Ìbàdàn àti ní Ìkẹ́nnẹ́. Nígbà tí ọdún yẹn fi máa parí, onímọ̀ kòkòrò Georg Goergen àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti kéde pé ó ti wà ní Nàìjíríà, Benin, Togo àti erékùṣù São Tomé. Láti ìgbà náà ni pàkúté olóòórùn ti di ohun tí àwọn olùkọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ń gbé kiri: ike kan tó dà bí garawa kékeré, tí wọ́n fi rọ́bà tí wọ́n rẹ sínú òórùn abo há abẹ́ ìdérí rẹ̀. Akọ á gbóòórùn, á wọlé, kò ní rí ọ̀nà jáde. Bí wọ́n bá ka akọ tó kú sínú rẹ̀, wọ́n á fi mọ bí àfòpiná ṣe pọ̀ tó lóko.

Èrò tó sì máa ń tẹ̀lé e ni pé bí pàkúté bá ṣófo, àfòpiná kò sí. Ibẹ̀ ni àṣìṣe inú ìwé gíráámà ti ń di àdánù oko.

Kí n tó sọ bí ó ṣe jẹ́ àṣìṣe, ó yẹ kí n sọ ibi tó ti wá, nítorí pé kì í ṣe irọ́ ni ẹni àkọ́kọ́ pa. Ní ọdún 1959, onímọ̀ kẹ́mísírì kan ní Jámánì, Adolf Butenandt, kéde pé òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ òun ti rí èròjà inú òórùn tí abo kòkòrò sílíkì, Bombyx mori, fi ń pe akọ. Wọ́n sọ èròjà náà ní bombykol. Iṣẹ́ náà gbà wọ́n tó ogún ọdún, kókó òórùn tí wọ́n sì gé lára àwọn abo tó nǹkan bí ìdajì mílíọ̀nù kí wọ́n tó rí ìwọ̀nba díẹ̀ tí wọ́n lè yẹ̀ wò. Ọdún yẹn gan-an ni Peter Karlson àti Martin Lüscher dá orúkọ náà, pheromone, sílẹ̀. Ohun tí gbogbo ayé sì rántí nínú ìwádìí Butenandt ni bí akọ ṣe ń ṣe: bí òórùn náà díẹ̀ bá ti kàn án báyìí, á bẹ̀rẹ̀ sí gbọn ìyẹ́ gìrìgìrì, á máa rìn yíká, á máa wá abo tí kò sí níbẹ̀. Kò ní ṣàṣìṣe, kò ní rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tó bá rí i yóò gbà pé òórùn ni àṣẹ, pé akọ kò ju ẹ̀rọ lọ.

Ṣùgbọ́n irú kòkòrò wo ni wọ́n lò? Kòkòrò tí àwọn ará Ṣáínà ti ń sìn fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún, tí wọ́n ti sìn débi pé kò lè fò mọ́. Bí ó bá ti di àfòpiná, kò ní ẹnu tó lè fi jẹun. Ọjọ́ tó ní láti lò láyé kò tó nǹkan, gígùn nìkan ló sì kù tí yóò fi í ṣe. Ní ọjọ́ tó bá yọ ìyẹ́ ló ti gbó. Sányán tí àwọn bàbá wa ń wọ̀ jẹ́ sílíkì kòkòrò tiwa, Anaphe, tó ń gbé inú igbó tí ẹnikẹ́ni kò sìn. Ẹni tó bá mọ bí òwú sányán ṣe yàtọ̀ sí ti Ṣáínà yóò gbà pé kòkòrò ilé àti kòkòrò igbó kì í ṣe ọ̀kan náà. Ohun tí ìwé gíráámà wá ṣe ni pé ó mú ìwà kòkòrò kan tí kò lè fò, tí kò lè jẹun, ó sì fi ṣe òfin fún gbogbo kòkòrò tó wà láyé.

Ẹ jẹ́ kí a mú èyí tó lè fò. Agrotis ipsilon ni orúkọ rẹ̀ lẹ́nu àwọn onímọ̀. Àgbẹ̀ mọ ọmọ rẹ̀ ju òun fúnra rẹ̀ lọ: kòkòrò dúdú ọlọ́ràá tó máa ń sùn sínú ilẹ̀ lọ́sàn-án, tó máa ń jáde lóru láti gé irúgbìn ní ìdí, tí ènìyàn á jí láàárọ̀ bá ewé tí ó ti ṣubú lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí ebè. Ó wà ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ káàkiri àgbáyé. Ó máa ń rìn jìnnà: ní Amẹ́ríkà ti Àríwá, àfòpiná rẹ̀ ń tẹ̀lé afẹ́fẹ́ rin ọ̀pọ̀ kìlómítà láàárín òru díẹ̀. Ó sì máa ń mu omi òdòdó. Akọ rẹ̀ tó yọ ìyẹ́ lónìí kò dà bí akọ sílíkì rárá. Fi òórùn abo sí iwájú rẹ̀ nínú afẹ́fẹ́, á jókòó. Lọ́la náà, bóyá ọ̀kan nínú ọ̀pọ̀ ló máa dìde. Tó bá di nǹkan bí ọjọ́ kẹta sí ìkarùn-ún, òórùn kan náà, ìwọ̀n kan náà, ni yóò mú un fò kọjú sí afẹ́fẹ́ lọ bá orísun rẹ̀. Ó bọ́gbọ́n mu fún ẹni tó ní ìrìn-àjò níwájú. Akọ tó bá ń yà sọ́dọ̀ gbogbo abo tó pè é ní òru àkọ́kọ́ kò ní dé ibi tó ń lọ.

Báyìí ni àṣìṣe kejì ṣe máa ń wọlé, èyí tí mo ti gbọ́ lẹ́nu àwọn tó kàwé pàápàá. Wọ́n á ní, "Ó yé wa. Ìwo rẹ̀ ni kò tíì là." Ìwo méjèèjì tó wà lórí kòkòrò ni imú rẹ̀, wọ́n sì gbà pé imú ọmọdé kò tíì gbóòórùn dáadáa, pé bí ó bá ti ń dàgbà ni imú ń là, tó bá sì darúgbó, imú á kú. Àlàyé tó dùn létí ni. Kí a tó gbà á, ó yẹ kí a bi ìwo fúnra rẹ̀ léèrè.

Àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Faransé ti bi í. Láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 ni Christophe Gadenne àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tí Sylvia Anton wá dara pọ̀ mọ́ wọn, ti ń fi Agrotis ṣe ìwádìí. Bí òórùn bá kan ìwo kòkòrò, iná mànàmáná kékeré kan máa ń ṣẹ́yọ níbẹ̀, ẹ̀rọ sì lè wọ̀n ọ́n. Wọ́n wọn ti akọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ ìyẹ́, wọ́n wọn ti akọ tó ti gbó. Ìwo àwọn méjèèjì ń gbóòórùn bákan náà. Akọ ọjọ́ kan tí kò mira yẹn ti gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Ẹni tó bá dúró ní Ìyànà-Ìbà láago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ti mọ irú nǹkan báyìí. Kọ̀ńdọ́kítọ̀ á máa pariwo "Mile 2, wọlé pẹ̀lú ṣéńjì ẹ o!" Etí gbogbo èrò ló gbọ́ ọ, ti ìyá alákàrà, ti ọmọ LASU tó ń dúró de ọ̀rẹ́ rẹ̀, ti ọlọ́kadà, ẹni tó ń lọ sí Mile 2 nìkan ló máa ń sáré.

Ibo wá ni ìyàtọ̀ wà? Anton àti Gadenne tẹ̀lé òórùn náà wọ inú ọpọlọ. Ibùdó kan wà níbẹ̀ tí gbogbo okùn ìmọ̀lára tó ti ìwo bọ̀ kọ́kọ́ máa ń dé, apá kan rẹ̀ lára akọ sì wà fún òórùn abo nìkan. Wọ́n ki abẹ́rẹ́ gíláàsì tín-ín-rín bọ inú sẹ́ẹ̀lì ibùdó yìí lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń fẹ́ òórùn abo sí ìwo, wọ́n sì ń tẹ́tí sí ohun tí sẹ́ẹ̀lì ń sọ. Èsì wọn jáde ní ọdún 1999. Lára akọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ ìyẹ́, òórùn gbọ́dọ̀ pọ̀ gan-an kí sẹ́ẹ̀lì tó fèsì. Lára akọ tó ti gbó, díẹ̀ tín-ín ti tó. Ìwo kò yí padà. Ibùdó inú ọpọlọ ló yí padà.

Wọ́n tún wá ẹni tó ń yí i padà. Lẹ́yìn ọpọlọ kòkòrò, kókó kéékèèké méjì kan wà tó ń pèsè họ́mọ̀nù tí àwọn onímọ̀ ń pè ní juvenile hormone. Nígbà tí kòkòrò ṣì wà ní ọmọ, họ́mọ̀nù yìí ni kì í jẹ́ kí ó tètè di àgbà. Nígbà tó bá wá di àfòpiná tán, họ́mọ̀nù kan náà ni ó ń mú un gbó fún gígùn. Bí àwọn onímọ̀ bá yọ kókó méjèèjì kúrò lára akọ ní ọjọ́ tó yọ ìyẹ́, ó lè pé ọjọ́ márùn-ún, kò ní dá abo lóhùn, sẹ́ẹ̀lì ibùdó òórùn rẹ̀ yóò sì wà bí ti ọmọ ọjọ́ kan. Bí wọ́n bá fún un ní họ́mọ̀nù náà ní abẹ́rẹ́, èsì á padà, ṣùgbọ́n kì í ṣe lójú ẹsẹ̀. Ó máa ń tó ọjọ́ méjì. Ọjọ́ orí, nígbà náà, kì í ṣe iye ọjọ́ tí kòkòrò ti lò láyé lásán. Ìwọ̀n họ́mọ̀nù tó ti wọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ni.

Mo gbọ́dọ̀ yà díẹ̀ níhìn-ín, nítorí inú mi kì í dùn tí wọ́n bá ń sọ ìtàn yìí bí ẹni pé Yúróòpù nìkan ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ní ọdún 1966, ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ṣáájú iṣẹ́ tí mo sọ yẹn, Thomas Odhiambo, ọmọ ilẹ̀ Kẹ́ńyà tó kẹ́kọ̀ọ́ ní Cambridge lábẹ́ Wigglesworth, ẹni tó la ọ̀nà sínú ìmọ̀ họ́mọ̀nù kòkòrò, ti tẹ ìwádìí rẹ̀ jáde lórí akọ eéṣú aṣálẹ̀. Akọ eéṣú tó bá wà nínú ọ̀wọ́ máa ń ní àwọ̀ pupa rúsúrúsú nígbà tí kò tíì gbó, tó bá gbó tán á di àwọ̀ ìyeyè. Odhiambo fi hàn pé bí wọ́n bá yọ kókó tó wà lẹ́yìn ọpọlọ wọ̀nyẹn, akọ kò ní gbó, kò sì ní ṣe bí akọ. Ọ̀jọ̀gbọ́n yìí kan náà ló dá ilé-iṣẹ́ ìwádìí kòkòrò ICIPE sílẹ̀ ní Nairobi ní ọdún 1970. Ilẹ̀ Adúláwọ̀ ti wà nínú ọ̀rọ̀ yìí láti ìpìlẹ̀.

Họ́mọ̀nù tó ń gba ọjọ́ méjì kò lè jẹ́ òun nìkan ló ń fọwọ́ kan sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ. Ó gbọ́dọ̀ ní ìránṣẹ́. Ẹni tí wọ́n kọ́kọ́ fura sí ni octopamine, èròjà inú ọpọlọ kòkòrò tó ń ṣe irú iṣẹ́ tí adrenaline àti noradrenaline ń ṣe lára wa: ó ń jí ara, ó ń múra kòkòrò sílẹ̀ láti fò, láti jà, láti sá. Ní ọdún 2009, David Jarriault àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fún akọ Agrotis tó ti gbó ní mianserin, oògùn kan tí àwọn dókítà ń lò fún ìbànújẹ́ ọkàn lára ènìyàn, ṣùgbọ́n tó ń dí ojú ọ̀nà octopamine lára kòkòrò. Àwọn akọ tó ń dá abo lóhùn tẹ́lẹ̀ dínkù gan-an. Wọ́n wá gbìyànjú òdìkejì rẹ̀: wọ́n fi octopamine kún ti ara akọ tí kò tíì gbó. Kò sí ohun tó yí padà nínú ìwà wọn. Kò mú wọn ya wèrè fún abo.

Ẹni tó ń ka ìròyìn sáyẹ́ǹsì kò gbọdọ̀ fo èyí. Nítorí bí ènìyàn bá ti jáwọ́ nínú àṣìṣe pé òórùn ni àṣẹ, àṣìṣe kẹta ń dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà, pé kẹ́míkà kan ni àṣẹ. Àwọn oníròyìn fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀: èròjà ìfẹ́, oògùn ìfẹ́ inú ọpọlọ, bí ẹni pé a ti rí bọ́tìnì tí a lè tẹ̀. Octopamine kò rí bẹ́ẹ̀. Láìsí i, akọ tó gbó kò dáhùn dáadáa. Bí a bá sì fi kún ti akọ tí kò tíì gbó, kò sọ ọ́ di akọ tó gbó. Ó wà lára àwọn ohun tí ó gbọ́dọ̀ pé kí iṣẹ́ tó lè ṣe. Dopamine, èròjà mìíràn nínú ọpọlọ, náà wà lára wọn. Ní ọdún 2013, Antonin Abrieux, Stéphane Debernard àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn kọ̀wé nípa ohun ìgbàmọ́ra kan nínú ọpọlọ Agrotis tó ń gba dopamine, tó sì tún ń gba họ́mọ̀nù tí kòkòrò fi ń bọ́ èèpo. Bí akọ ṣe ń dàgbà ni ohun ìgbàmọ́ra yìí ń pọ̀ sí i nínú ọpọlọ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n dí ọ̀nà tí apilẹ̀ àbùdá fi ń pèsè rẹ̀, akọ tó gbó kò ṣe bí akọ tó gbó mọ́.

Ẹ̀rí tó dá mi lójú jù pé òórùn kì í ṣe àṣẹ kò ti ọ̀dọ̀ akọ ọmọdé wá rárá. Ọ̀dọ̀ akọ tó ti gbó, tó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ gun abo tán, ló ti wá. Gadenne, Dufour àti Anton fi hàn ní ọdún 2001 pé akọ Agrotis tó bá ti gun abo kò ní dá abo mìíràn lóhùn ní òru yẹn. Sẹ́ẹ̀lì ibùdó òórùn nínú ọpọlọ rẹ̀ á rẹlẹ̀. Ìwo rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́. Tó bá di òru ọjọ́ kejì, á tún bẹ̀rẹ̀. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro: ohun tí akọ fi ń fún abo lóyún ti tán nínú ara rẹ̀, ó gbọ́dọ̀ tún kún. Bí ó bá ń lépa abo lọ́wọ́ òfo, agbára rẹ̀ á ṣòfò, àdán á sì gbé e jẹ lójú ọ̀nà. Lẹ́yìn náà, ní ọdún 2010, Romina Barrozo pẹ̀lú Gadenne àti Anton fi òórùn òdòdó síwájú irú akọ bẹ́ẹ̀. Ó fò lọ bá a, nítorí ebi ń pa á. Wọ́n wá fi òórùn abo pọ̀ mọ́ ti òdòdó: ó yẹra. Òórùn tó máa ń fà á lánàá ti di òórùn tó ń lé e kúrò nídìí oúnjẹ.

Ó wá yẹ kí n dá ara mi dúró, kí àtúnṣe mi má di àṣìṣe tuntun. Mo ti sọ pé ìwo kì í yí padà, ọpọlọ ló ń yí. Òótọ́ ni nípa Agrotis. Kì í ṣe òótọ́ nípa gbogbo kòkòrò. Ní ọdún 2016, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní yàrá ìwádìí Jing Wang ní San Diego, Amẹ́ríkà, wo eṣinṣin kékeré tó máa ń bo ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó bá pọ́n jù, Drosophila. Akọ ọjọ́ méje ń borí akọ ọjọ́ méjì nídìí abo, ohun tó sì fà á ni pé sẹ́ẹ̀lì kan lára ìwo fúnra rẹ̀ ti mú sí i. Juvenile hormone náà ló mú un, ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà ló ti ṣiṣẹ́, kò dé inú ilé.

Ti eéṣú tún lọ síbòmíràn. Rickard Ignell, Franck Couillaud àti Anton kọ ní ọdún 2001 pé họ́mọ̀nù yìí kan náà, bí ó ti ń pọ̀ sí i lára eéṣú tó ń gbó, ń dín èsì wọn kù sí òórùn tí eéṣú fi ń kó ara wọn jọ. Ohun tó ń la etí àfòpiná sí òórùn kan ni ó ń di etí eéṣú sí òórùn mìíràn. Nítorí náà, ẹni tó bá ní àgbà kòkòrò máa ń gbóòórùn ju ọmọdé lọ ti ṣe àṣìṣe, ẹni tó bá sì ní ọmọdé ló ń gbọ́ ju àgbà lọ ti ṣe irú rẹ̀. Ohun tí kòkòrò ní láti ṣe ní ọjọ́ orí yẹn ni a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ béèrè.

Oyin ló fi èyí hàn mí yékéyéké jù. Èròjà tí ó pọ̀ jù nínú òórùn ẹnu ayaba oyin ni àwọn akọ oyin fi ń lépa rẹ̀ nínú òfurufú nígbà tó bá jáde lọ gba akọ. Nínú ilé, òórùn ẹnu kan náà ni ó fi ń kó àwọn òṣìṣẹ́ jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀. Èròjà kan wà nínú rẹ̀ tó jọ dopamine. Ní ọdún 2007, Vanina Vergoz, Haley Schreurs àti Alison Mercer ní Yunifásítì Otago, ilẹ̀ New Zealand, kọ́ oyin kéékèèké láti máa bẹ̀rù òórùn kan nípa fífi iná mànàmáná ta wọ́n bí òórùn náà bá ti dé. Àwọn ọmọ oyin tó wà lábẹ́ òórùn ayaba kò lè kọ́ ọ. Ìbẹ̀rù kò wọ orí wọn. Àwọn tó ti dàgbà kọ́ ọ bó ti yẹ, òórùn ayaba kò dí wọn lọ́wọ́. Àwọn ọmọdé ló ní láti dúró ti ìyá, kí wọ́n tọ́jú rẹ̀, ohunkóhun tí ojú wọn bá rí. Àwọn àgbà ló ń jáde lọ sí oko òdòdó, ó sì yẹ kí wọ́n mọ ohun tó léwu. Nínú ilé oyin kan ṣoṣo, òórùn kan ṣoṣo, ìwà méjì.

Àwọn kan ti ń fi ìmọ̀ yìí ṣiṣẹ́ ajé. Ní Amẹ́ríkà àti Mẹ́síkò, wọ́n máa ń sin eṣinṣin èso Anastrepha ní mílíọ̀nù-mílíọ̀nù, wọ́n á fi ìtànṣán sọ àwọn akọ di àgàn, wọ́n á tú wọn sílẹ̀ kí wọ́n lọ gun abo inú oko láìlè fún un lóyún. Wàhálà wọn ni pé akọ wọ̀nyí máa ń pẹ́ kí wọ́n tó gbó, ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tí wọ́n fi ń bọ́ wọn nínú ilé sì ń jẹ owó. Peter Teal àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá fi methoprene, èròjà tó ń ṣe bí juvenile hormone, sínú oúnjẹ wọn. Wọ́n gbó ní ọjọ́ díẹ̀ ṣáájú àkókò wọn.

Àgbẹ̀ tó bá gbé pàkúté olóòórùn sí oko àgbàdo ní Ìbà kò nílò methoprene. Ohun tó nílò ni kí ó mọ ẹni tí pàkúté rẹ̀ ń kà. Ẹbí kan náà ni Spodoptera àti Agrotis jẹ́. Abo kì í wọ pàkúté. Bí ìwà Spodoptera bá sì jọ ti Agrotis, akọ tí kò tíì gbó kò ní wọ̀ ọ́. Akọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gun abo tán náà kò ní wọ̀ ọ́ ní òru yẹn. Bí abo gidi bá sì pọ̀ nínú oko, òórùn tiwọn ń bá ti rọ́bà du akọ tó kù, débi pé pàkúté lè máa ṣófo sí i ní àkókò tí oko ń kún sí i. Bí akọ mẹ́wàá bá wọlé, ó jẹ́ ẹ̀rí pé àfòpiná tó ti gbó wà níbẹ̀. Òfo kò jẹ́ ẹ̀rí ohunkóhun. Pípa àwọn akọ tó wọlé kò sì ní gba oko là, nítorí akọ kan lè gun ju abo kan lọ, abo kan sì lè yé ẹyin tó lé ní ẹgbẹ̀rún kí ó tó kú.

Rọ́bà gbọ́dọ̀ yí padà kí ó tó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, nítorí òórùn rẹ̀ ń tán lọ nínú oòrùn Èkó. Kíkà pàkúté lẹ́ẹ̀kan kò sì tó. Iye tó ń wọlé láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀. Àjọ oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀ àgbáyé, FAO, gba àgbẹ̀ nímọ̀ràn pé kí ó máa rìn láàárín oko bí ẹni ń kọ lẹ́tà W, kí ó máa dúró níbi márùn-ún, kí ó yẹ àgbàdo mẹ́wàá sí ogún wò ní ibi kọ̀ọ̀kan. Kí ó yí ewé padà, nítorí abẹ́ rẹ̀ ni abo sábà máa ń yé ẹyin sí ní àkójọ, tí á sì fi irun ara rẹ̀ bò ó bí òwú. Kí ó wo àárín ewé tuntun tó ń yọ lókè. Bí ó bá ti rí ibi tí ọmọ kòkòrò ti ha awọ ewé títí ó fi mọ́ gaara bí gíláàsì fèrèsé, kí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́jọ́ náà, ìbáà ṣe pé ẹyọ àfòpiná kan kò sí nínú ike.